Gbé E Kalẹ̀

Àtàǹpàkò mi ọ̀tún ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù láyé yìí. Kì í ṣe ejò, kì í ṣe olè. Àtàǹpàkò ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́, torí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ tó fi máa ń dùn.

Ìdí kirénì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò wà á o. Obìnrin kan ló ń wà á, Ará Òkè la máa ń pè é, torí pé láàárọ̀ ló ti ń gun òpó irin náà lọ sókè, ìrọ̀lẹ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ gan-an, okùn la fi ń fà á sókè fún un. Èmi ni mo máa ń sọ ibi tí yóò gbé ẹrù sí fún un. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo lò láyé, mo sì ti fi bí ogún nínú rẹ̀ darí kirénì pẹ̀lú ọwọ́. Mo na ìka sókè, mo yí i, ẹrù á gòkè. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, ẹrù á máa wálẹ̀. Mo di ọwọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́, ohun gbogbo á dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ọlọ́wọ́. Ẹ má ṣì í pè o. Kì í ṣe Olówó. Èmi àti owó, a ò mọ ojú ara wa.

Ilé alájà mẹ́wàá ni ilé tí à ń kọ́. Nígbà tó ṣì wà ní àjà kẹta, àjà kẹrin, títí dé ìkeje, Ará Òkè ń rí mi kedere láti inú yàrá onígíláàsì kékeré tó máa ń jókòó sí lọ́hùn-ún. Ẹnu mi náà ń sọ̀rọ̀, lóòótọ́. Tí mo bá fẹ́ kí ẹrù gòkè, màá pariwo pé, "Gbé e!" Tí mo bá fẹ́ kó wálẹ̀, màá pariwo pé, "Gbé e kalẹ̀!" Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ẹnu mi pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ? Ọwọ́ ni wọ́n ń wò.

Nígbà tó yá, ògiri tó yí ihò àtẹ̀gùn àti ihò lífítì ká ga ju ibi tí a dé lọ. Ó bo ojú obìnrin náà. Kò rí mi mọ́. Ni fọ́máànù bá fún mi ní rédíò ọwọ́ kan. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ará Òkè, ọ̀kan wà lọ́wọ́ fọ́máànù fúnra rẹ̀. Rédíò dúdú tó wúwo, bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ á lọ. Tí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ á gé, wàá sì máa gbọ́ ti ẹlòmíì.

Bí ẹnu mi ṣe di ọwọ́ mi nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó kọ́ ẹnu mi níṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní tí mo lo rédíò, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ gbé àtẹ̀gùn kan sáàyè rẹ̀. Kọnkéré ni àtẹ̀gùn náà, ilẹ̀ ni wọ́n ti dà á, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lápapọ̀, ó wúwo ju mọ́tò méjì lọ. Kirénì á gbé e kọjá lórí ògiri, á wá tì í bọ inú ihò rẹ̀ látòkè. Bíríkìlà kan gbọ́dọ̀ wà nínú ihò náà, lórí pèpéle kékeré tó wà nísàlẹ̀, kó máa fi ọ̀pá irin darí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà kó lè jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù. Bíríkìlà ọ̀hún, àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Èmi ni mo mú un wá síbi iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pèpéle náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Iwájú àbúrò mi, àtẹ̀gùn tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu ihò lífítì tí kò tíì nílẹ̀kùn, pákó kan ṣoṣo ni wọ́n fi dábùú rẹ̀. Tí ẹrù bá ti wọ inú ihò dé ìdajì, kò sọ́nà tó lè gbà jáde mọ́. Àfi kí ẹrù náà jókòó. Tó bá jókòó, ó di ọ̀nà, á sì gbabẹ̀ gòkè. Àmọ́ tó bá lọ sókè lójijì, ìrù rẹ̀ á fì. Ẹni tí ìrù yẹn bá sì gbá, ẹ̀yìn ló máa bá lọ.

Orí àjà kẹsàn-án ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mò ń wo ìsàlẹ̀. Ará Òkè ti fi ojú ara rẹ̀ tì í wọ inú ihò, ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà méjì kó jókòó. Mo tẹ rédíò. Mo ní, "Gbé e kalẹ̀."

Ẹrù náà gòkè.

Ó gòkè gìrì! Ìrù rẹ̀ fì, ó gbá akoto kúrò lórí àbúrò mi. Akoto náà yí gba abẹ́ pákó, ó kó sínú ihò lífítì. Mo gbọ́ bó ṣe ń lu ògiri lọ, kó, kó, kó. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Àbúrò mi ti lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá. Mo ń pariwo, "Dúró! Dúró! Dúró!"

Ó dúró. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ṣùgbọ́n etí mi ò dákẹ́ akoto yẹn di òní.

Fọ́máànù pe èmi àti Ará Òkè sídìí kirénì. Ọkùnrin kúkúrú kan báyìí ni, "Má sọ ìyẹn fún mi" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nígbà gbogbo.

"Ta ló fẹ́ pààyàn sí mi lọ́rùn?"

"Ọ̀gá, wọ́n ní kí n gbé e," Ará Òkè dáhùn. "Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. 'Gbé e' ni wọ́n sọ. Mo sì gbé e."

"Irọ́ ni," mo ní. "'Gbé e kalẹ̀' ni mo sọ."

"Bàbá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ìwọ ni kó o bẹ̀rù Ọlọ́run! Àbúrò mi ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ṣé èmi ni màá ní kí wọ́n pa ọmọ ìyá mi?"

"Má sọ ìyẹn fún mi!" Fọ́máànù na ìka sí i, ó na ìka sí èmi náà. "Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń purọ́. Lọ́jọ́ Ajé, a máa gbé àtẹ̀gùn tó kàn. Tí mo bá mọ òpùrọ́ náà, ilé ló ń lọ, kò ní mú ẹ̀wù iṣẹ́ mi lọ pàápàá."

Èmi ni gbogbo wọn gbà gbọ́. Mo dàgbà, àbúrò mi ló sì fẹ́ kú. Káfíńtà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ gbójú sókè nígbà tí obìnrin náà ń padà gòkè lọ, ó ní, "Ará Òkè, tí oorun bá tún ń kùn ọ́ lókè lọ́hùn-ún, ju ìrọ̀rí sílẹ̀ kí á lè mọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ń gùn ún lọ. Mo gbà lóòótọ́ pé ó sùn ni.

Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ìyàwó mi ti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Fóònù dún.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ti jí?"

"Mo ti jí. Ebi ló jí mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìkòkò kan wà lórí sítóòfù, mò ń kánjú ni mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e ka..."

Fóònù gé.

Gbé e ka. Gbé e ka kí ni? Gbé e ka iná ni, kí ló tún kù? Mo ní ẹ wo obìnrin rere, ó ti se nǹkan sílẹ̀ dè mí. Mo tan iná sábẹ́ rẹ̀. Mo fọ àwo, mo fọ ṣíbí, mo jókòó. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo fà á símú, mi ò mọ irú oúnjẹ tó jẹ́. Mo tún fà á. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́ mi ni mo rí, gbogbo rẹ̀ pátá, ó ń hó nínú omi ọṣẹ.

Fóònù tún dún.

"Ṣé ẹ ti gbé e kalẹ̀?"

"Gbé e kalẹ̀ kẹ̀?"

"Ìbọ̀sẹ̀ yín ni mo rẹ síbẹ̀. Mo ní kí ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ tó dáná."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Háà. Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti ń sè é."

Mo wúkọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ tọ́ ọ wò o," ó ní, "bóyá iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba!"

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ ló dá mi dúró.

O ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì kò purọ́.

Mo pa iná. Mo mú ọṣẹ ìfọṣọ tó wà lórí fèrèsé, ó gùn, ó ga bíi rédíò. Mo fi àtàǹpàkò lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Gbé e kalẹ̀." Mo ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tí ẹnu mi sọ "gbé e", àtàǹpàkò náà ti dìde kúrò lára ọṣẹ. "Kalẹ̀" bọ́ sí afẹ́fẹ́ lásán. Mo tún un ṣe. Ó tún dìde. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló dìde. Ogún ọdún ni ọwọ́ mi ti máa ń parí iṣẹ́ kí ẹnu mi tó parí ọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti yí padà.

Ara mi bù máṣọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni. Kì í ṣe obìnrin yẹn. Èmi ni mo fẹ́ pa àbúrò mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tètè dé ìdí kirénì kí n lè bá Ará Òkè sọ̀rọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu láti ilé. Ó ń de ìgbànú ààbò mọ́ra nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò wojú mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Ará Òkè, mo fẹ́..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ pé èébú lẹ tún gbé wá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débi iṣẹ́ mi. Ẹ máa fi rédíò bú mi. Èmi á lè pa ìyẹn."

"Kì í ṣe èébú."

"Kí ni nígbà náà?"

Mo ya ẹnu mi. Fọ́máànù ti dé ẹ̀yìn wa, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọlọ́wọ́, kí ló fẹ́ jáde lẹ́nu ẹ?"

Mo rántí àwọn àgbà méjì tí fọ́máànù dá dúró níṣẹ́ lóṣù tó kọjá, pé ojú wọn ò ríran tó mọ́. Ta ló máa gba ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pààyàn? Mo rántí pé mo ti pe obìnrin náà ní òpùrọ́ níwájú gbogbo ènìyàn.

"Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá. Mo ní kó rọra ṣe ni."

"Èmi ni kí n rọra ṣe?" Ará Òkè wò mí báyìí, ó wò mí dáadáa. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò jọ ojú ẹni tó sùn. Ó yíjú, ó gba inú òpó irin náà gòkè lọ, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé ìkejì, títí tó fi kéré bí èèrà.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n ojo ni, mo ti mọ̀ báyìí. Mo ní mi ò ní sọ "gbé e kalẹ̀" mọ́. "Sọ̀ ọ́" ni màá máa sọ, bí a ṣe máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ báni sọ ẹrù orí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú. Kí àtàǹpàkò mi tó rántí àtidìde, ó ti parí. Kò ní sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan, àbúrò mi á sì yè. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Àbúrò mi ń dúró dè mí lórí àjà kẹwàá. Akoto tuntun wà lórí rẹ̀, pupa fòò.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo akoto. Ti ọjọ́ Ẹtì ti ṣáájú lọ sísàlẹ̀ lọ wò ó bóyá ibẹ̀ gbà mí."

"Má fikú ṣeré."

"Kí ló ń ṣe yín? Ẹ̀ ń làágùn láàárọ̀ kùtù yìí."

"Mi ò sùn dáadáa." Mo di apá rẹ̀ mú. "Ṣó o rí i, jẹ́ kí ẹlòmíì wọ ihò yẹn lónìí. Ìwọ jókòó sókè níbí."

Ó wò mí. "Ẹlòmíì wo? Ṣé ẹlòmíì yẹn ò ní ẹ̀gbọ́n ni?"

Ó gbá mi léjìká. "Tí ẹ̀yin bá wà lókè tẹ́ ẹ̀ ń wò mí, ọkàn mi balẹ̀." Ó gba àkàbà igi sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle, wọ́n sì fa àkàbà náà jáde torí ẹrù tó ń bọ̀.

Ọkàn òun balẹ̀. Tèmi wà lára àtàǹpàkò mi.

Mo rí apá kirénì náà tó ń yí bọ̀. Òjìji rẹ̀ kọjá lórí wa bí ìgbà tí nǹkan ńlá bá ń kọjá lábẹ́ omi. Àtẹ̀gùn náà so rọ̀ mọ́ ìkọ́, ṣéènì mẹ́rin ló gbé e, ó ń rọra yí. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì le. Tí ẹrù bá ṣì wà lókè ògiri, Ará Òkè lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló tì í bọ ẹnu ihò. Ó mọṣẹ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó wọlé wẹ́ẹ́, kò fara kan ògiri. Ìdajì rẹ̀ wọlé. Àbúrò mi ti wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń rí akoto pupa yẹn láàárín ìṣísẹ̀ àti ògiri. Ọ̀nà rẹ̀ ti dí.

Láti ibẹ̀ lọ, Ará Òkè ò rí nǹkan kan mọ́. Ẹnu mi ló kù.

Mo tẹ bọ́tìnì títí èékánná mi fi funfun. Mo ní, "Sọ̀ ọ́."

Rédíò hó ṣàà. Ohùn rẹ̀ dé: "Kí n sọ kí ni?"

"Sọ̀ ọ́!"

"Bàbá, kí n sọ kí ni?"

"Mo ní kó o sọ̀ ọ́! Sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́! Kí lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi? Mo ti sọ tèmi lọ́jọ́ Ẹtì!"

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ṣéènì dún. Ẹrù náà fì díẹ̀, bí ìbú ọwọ́ kan péré, mo sì gbọ́ tí àbúrò mi mí hẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ké sí mi, "Bọ̀dá mi, kí là ń dúró dè?"

Ẹnu mi fẹ́ sọ "gbé e kalẹ̀". Mo gbá a mú. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ lẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi, àbúrò mi ló dúró síbi tó máa fọ́ sí.

Fọ́máànù já wọ inú rédíò láti ìsàlẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe lókè níbẹ̀? Afẹ́fẹ́ ń bọ̀! Tí kò bá jókòó, gbé e kúrò! Ará Òkè, gbé e!"

Fọ́máànù ò rí akoto pupa yẹn. Ará Òkè náà ò rí i. Gbogbo ayé, èmi nìkan ni mo ń rí i.

"Dúró!" Mo fi ọwọ́ òsì di àtàǹpàkò ọ̀tún mú mọ́ bọ́tìnì náà, bí ẹni di adìẹ mú kó má fò. "Dúró, má gbé e! Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀! Tó o bá gbé e, á bọ́ sínú ihò!"

Mo tú u sílẹ̀ kí n lè gbọ́ èsì.

Ìgbà tí ohùn rẹ̀ máa dé, kò pariwo mọ́. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù bíi tèmi. "Ọ̀gá ní kí n gbé e. Ẹ̀yin ní kí n má gbé e. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ ní kí n gbé e, ẹ wá ní ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá, ta ni kí n gbà gbọ́? Mi ò ríran. Ẹ jọ̀ọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Kò sí ibi tí mo lè sá gbà. Mo tẹ bọ́tìnì.

"Gbọ́ mi. O ò purọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. 'Gbé e' lo gbọ́, òótọ́ ni. Èmi náà, 'gbé e kalẹ̀' ni mo sọ. Ọwọ́ mi ló kúrò lórí bọ́tìnì kí n tó dé 'kalẹ̀'. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo fẹ́ pa á, kì í ṣe ìwọ. Àná ni mo mọ̀, mo wá bá ọ láàárọ̀ kí n sọ ọ́, ẹ̀rù bà mí. Fọ́máànù, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Èmi ni òpùrọ́ tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e."

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣàà. Ṣàà. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, àbúrò mi gbójú sókè. Kò ní rédíò, ṣùgbọ́n mo ti pariwo tó, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

Ará Òkè ní, "Kí la máa pè é báyìí?"

"Kí ni?"

"Kó wálẹ̀. Kí la máa pè é? Ẹ má pè é ní 'gbé' mọ́."

"Ilẹ̀," mo ní. "Ilẹ̀ ni kó wálẹ̀. Òkè ni kó gòkè. Dúró ni dúró."

"Ilẹ̀ ni kó wálẹ̀. Òkè ni kó gòkè. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ, màá tún un sọ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Tí mo bá ṣì í sọ, ẹ pariwo."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sọ̀rọ̀."

"Ilẹ̀."

"Ilẹ̀," ó tún un sọ.

Ẹrù náà mì. Fún ìgbà tí ènìyàn lè fi mí ẹ̀ẹ̀kan, mi ò mọ ọ̀nà tó ń lọ. Mo fẹ́ di ojú mi, mi ò sì gbọ́dọ̀ dì í. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ìṣísẹ̀ òkè ń kúrò ní ọ̀gangan ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sára ògiri, ó ń lọ sísàlẹ̀, wẹ́rẹ́.

"Ilẹ̀."

"Ilẹ̀."

"Ilẹ̀ díẹ̀."

"Ilẹ̀ díẹ̀."

"Dúró."

"Mo ti dúró."

Àbúrò mi ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ rẹ̀, ó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ò yá bó ṣe máa ń yá. Ó ní, "Díẹ̀ sí i." Mo ní ilẹ̀, obìnrin náà ní ilẹ̀, sìmẹ́ńtì tútù sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lórí ẹrẹ̀. Ṣéènì dẹ̀.

"Ó ti jókòó!" àbúrò mi ké.

Ó tú ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gba orí àtẹ̀gùn náà gòkè bọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo kà á. Ó dúró níwájú mi. Erùpẹ̀ kọnkéré funfun lójú rẹ̀, ibi tí òógùn gbà nìkan ló dúdú.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Bó bá gbá mi, mi ò ní bínú. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára rédíò.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́ bọ́tìnì yìí. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sunkún."

Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Fọ́máànù dúró sídìí kirénì. Káfíńtà yẹn wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ará Òkè ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ohun tí a ò rí rí.

Mo ń dúró kí fọ́máànù ní kí n má sọ ìyẹn fún òun. Ó ní, "Tún un sọ fún mi."

Mo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti ìkòkò ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Ará Òkè, ó gbé e mì.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé etí mi ti ń bàjẹ́. Mo ní kí ọmọ mi máa sọ̀rọ̀ fún mi látinú yàrá kejì, kí n lè mọ̀ bóyá mò ń gbọ́ràn."

"Dárí jì mí."

"Màá dárí jì yín." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ má tíì bi mí léèrè ìgbà tó máa jẹ́."

Fọ́máànù gba rédíò lọ́wọ́ mi. Kò lé mi, kò sì ní òun ò ní lé mi. Ó ní títí oṣù á fi parí, òun á máa wò ó. Ó gbé mi lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń de ẹrù mọ́ ìkọ́, níbi tí Ará Òkè ti lè fi ojú rẹ̀ rí ọwọ́ mi. Wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lórí àjà kẹwàá: ÒKÈ. ILẸ̀. DÚRÓ. Ẹni tó bá gba rédíò gbọ́dọ̀ kà á sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àbúrò mi ṣì ń wọ inú ihò. Mi ò lè ní kó má wọ̀ ọ́ mọ́, ó ti bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn. Láàárọ̀, èmi ni mo ń de ṣéènì náà, mo ń fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo na ìka sókè, mo yí i. Ẹrù á gòkè. Á kọjá àjà kẹta, á kọjá ìkeje, á bọ́ sẹ́yìn ògiri yẹn, mi ò ní rí i mọ́. Ẹlòmíì ló kù tí yóò sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni mo máa ń rí i pé àtàǹpàkò mi ọ̀tún ti tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ ìka mi, ó tẹ̀ ẹ́ pinpin, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ìkọ́ á fi padà wálẹ̀ lófìfo.